Orin Ẹ̀fẹ̀ nínú fóònù: ta ló ni ín, ta ló ń jẹ owó rẹ̀?

ADAKPLAMÈ, KÉTU — Orin tí Ẹ̀fẹ̀ bá kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í pẹ́ dé inú fóònù mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti gbà á sílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ ọjà, ó ti wà lórí WhatsApp, àwọn tó ń kó orin sínú káàdì fóònù sì ti lè máa tà á. Orúkọ akọrin lè má sí níbẹ̀ rárá, owó kì í sì í dé ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí gbogbo wa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ogún àjùmọ̀ní ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO pàápàá kéde rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2001 fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n orin tuntun tí akọrin kan fi ọpọlọ ara rẹ̀ ṣe lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, tirẹ̀ ni.

Ohun tí òfin ilẹ̀ wa wí nìyẹn. Òfin 2005-30, ti ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2006, fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ fún títà láìgba àṣẹ. Bí ó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ náà fún 70 ọdún. BUBEDRA ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń lo orin, tó sì ń pín in fún àwọn tó ni ín. Àmọ́ orin tí wọn kò mú orúkọ rẹ̀ wá, wọn kò lè pín owó lé e lórí. Ibẹ̀ ni àwọn akọrin abúlé wa ti ń pàdánù.

Ṣé a kò wá lè tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ mọ́ ni? A lè tún un sọ. Òfin gbà kí a mú díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìròyìn, ẹ̀kọ́ tàbí àríwísí, bí a bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 náà ṣí irú ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀. Kò ṣàjèjì sí wa: ọmọdé tó bá pa òwe níwájú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe". Ìyá oníṣòwò tó fi ìlà méjì sórí WhatsApp, tó sì dárúkọ akọrin, kò jalè. Ẹni tó da odidi orin kọ tó ń tà á, bó tilẹ̀ dárúkọ, àṣẹ ṣì kù.

Kí ẹnikẹ́ni má pe owó yìí ní kékeré. Solomon Linda ará South Africa gba "Mbube" sílẹ̀ lọ́dún 1939, ṣílè mẹ́wàá ni wọ́n ní ó gbà. Orin náà yí ayé ká, títí dé inú fíìmù Disney. Inú òṣì ló kú sí lọ́dún 1962. Ọdún 2006 ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó rí àdéhùn owó gbà.

Lójú tiwa, kí àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́kọ́ gba orin wọn sílẹ̀ fúnra wọn, kí akọrin dárúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ náà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì mú un lọ sí BUBEDRA. Kí ẹni tó fẹ́ tà á lọ bá wọn dúnàádúrà, bí a ti ń dúnàádúrà àgbàdo.