Èéfín Ọkọ̀: Ta Ni Ó Yan Epo?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Ọ̀ṣọ́dì tàbí Ojúẹlẹ́gbà ní òwúrọ̀ yóò rí èéfín dúdú tí àwọn ọkọ̀ ń tú jáde, yóò sì rí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo imú kọjá nínú rẹ̀. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ènìyàn 11,200 ni afẹ́fẹ́ tí ó dọ̀tí rán lọ sí ọ̀run àìtọ́jọ́ ní Èkó ní ọdún 2018. Ó ju ìdajì wọn lọ tí ó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń di gbogbo ẹ̀bi ru awakọ̀. Àwa kò sọ pé ọwọ́ awakọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì nítorí pé ó dínwó, tàbí tí kò tún ẹ́ńjìnnì ṣe títí ọkọ̀ rẹ̀ fi ń rú èéfín bí ààrò, ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò lè ra ohun tí kò sí ní ilé epo. À á kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ òjé. Ní àtijọ́, a máa ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù, májèlé rẹ̀ a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní Dakar, ní ọdún 2001, àwọn ìjọba Áfíríkà níhà gúúsù Sàhárà pinnu láti fi òpin sí i, wọ́n sì mú ìpinnu náà ṣẹ kí ọdún 2006 tó wọlé. Kì í ṣe awakọ̀ ni ó yan epo tí kò ní òjé. Ìjọba ni ó pa ti àtijọ́ tì, gbogbo awakọ̀ sì ń ra èyí tí ó sàn láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n.

Imí-ọjọ́ ni ó kù báyìí. Èyí tí ó wà nínú dísẹ̀lì ń fi kún ìdọ̀tí èéfín, ó sì ń ba asẹ́ tí a ṣe sí ọ̀nà èéfín ọkọ̀ jẹ́. Ní ọdún 2020, ECOWAS fi ọwọ́ sí i pé kò gbọdọ̀ ju apá 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ní Yúróòpù, apá 10 ni òpin rẹ̀ láti ọdún 2009. Òfin nìkan kò tó: yálà láti òkè òkun ni epo ti wá tàbí láti ilé-iṣẹ́ ìfọpo tiwa, kí a yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé ilé epo.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ gáàsì rí. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo kúrò nílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù kan ní Èkó fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 dé ìtòsí ₦500. Ìjọba wá gba awakọ̀ níyànjú kí wọ́n yí ọkọ̀ wọn sí ti gáàsì, tí ó dínwó tí èéfín rẹ̀ kò sì nípọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbà ni ó tò fún wákàtí pípẹ́ ní ọdún 2024, nítorí pé ibi tí a ti ń tà á kò tó nǹkan. Ẹni tí owó òòjọ́ rẹ̀ ń ṣòfò lórí ìlà kò ní pẹ́ padà sí epo àtijọ́.

Nítorí náà, a ké sí àwọn aṣojú tí a dìbò fún pé kí wọ́n mú òfin imí-ọjọ́ ṣẹ, kí wọ́n sì jẹ́ kí gáàsì sún mọ́ awakọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí èéfín ń ṣe sí ẹ̀dọ̀fóró wọn. Bí epo tí ó mọ́ bá wá wà ní gbogbo ilé epo, tí awakọ̀ kan ṣì yan ìdọ̀tí, nígbà náà ni a óò mọ ẹni tí a óò bá wí.