Ẹ ṣí ọ̀nà fún àwọn aide-soignante wa

Lóṣù yìí a ò ní sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, a ò sì ní sọ ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣílẹ̀kùn fún wa lóru ní ilé ìwòsàn la fẹ́ sọ.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Ara ọmọ gbóná lóru ní abúlé, ẹ gbé e sórí zémìjàn, ẹ sáré dé ilé ìwòsàn arrondissement. Ta lẹ máa bá níbẹ̀? Ó lè jẹ́ infirmier. Ó sì lè jẹ́ pé infirmier ti lọ sí ìpàdé, tàbí pé òun nìkan ló wà fún ibẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, oorun ti gbé e lọ. Ẹni tó máa dìde ni aide-soignante. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni kó wẹ aláìsàn, kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó wọn ìgbóná ara, kó ran infirmier lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lóru yẹn, òun ni infirmier, òun ni sage-femme, ìgbà míì òun náà ni dókítà.

A mọ ọ̀kan nínú wọn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún 11 rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. BEPC ló ní, ọmọ mẹ́ta ló sì ń tọ́. Ó sọ fún wa pé: “Bàbá, ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ yìí, orí mi ni kò mọ ìdí rẹ̀. Tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé bá dé, èmi ni mo máa ń fi ibi tí nǹkan wà hàn wọ́n. Kò ní pẹ́, àwọn ló máa di ọ̀gá mi. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ kan, màá ṣe ohun tí mi ò mọ̀, ẹ̀mí á sì bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ ká mú gègé. Kì í ṣe ti owó oṣù rẹ̀ nìkan. Ẹ̀mí àwa náà ló wà níbẹ̀.

Báwo lọ̀rọ̀ ṣe dé ibí yìí? Ní 1987, àwọn mínísítà ètò ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bàmákò. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú máa san díẹ̀ lórí oògùn, kí owó náà dúró sí ilé ìwòsàn, kí ìgbìmọ̀ ará ìlú sì máa mójú tó o. Ní Benin níbí, wọ́n ti ń dán irú ẹ̀ wò ní Pahou kó tó di ìgbà náà. Kò pẹ́ sí i, ètò ajustement structurel dé, ìjọba ò gba òṣìṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ilé ìwòsàn má bàa tì, ìgbìmọ̀ fi owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba àwọn ọmọ ìlú síṣẹ́. Ohun rere ni wọ́n ṣe. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ì bá ti di títì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbà lọ́nà yìí kò sí nínú ìwé ìjọba. Wọ́n ní iṣẹ́, wọn ò ní àkàbà.

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, a mọ ohun tí àkàbà jẹ́. Òfin 86-013 ti oṣù Kejì 1986 pín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sí ìsọ̀rí A, B, C, D àti E. Nígbà náà, ẹni tó bá wà ní D mọ̀ pé concours professionnel wà, pé bí òun bá kàwé lálẹ́, tí òun sì yege, òun á bọ́ sí C, bóyá sí B. Nínú wa lónìí, àwọn kan wà tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, tó ń tẹ ìwé lórí ẹ̀rọ fún ọ̀gá, tí wọ́n fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. A ò fò dé òkè. Ẹni tó bá mọ òkè Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀ pé a kì í fo òkè, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kejì la fi ń gùn ún. Ṣé ó wá yẹ kí àwa tí wọ́n jẹ́ kí a gùn yọ àkàbà lẹ́yìn ara wa?

Ẹ wo ọ̀nà tó wà níwájú ọmọbìnrin yẹn lónìí. Kó tó lè di infirmière diplômée d'État, ó gbọ́dọ̀ ní BAC. BEPC ló ní. Ó lè ṣe é gẹ́gẹ́ bíi candidat libre, ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ ní ìṣirò àti biology lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́? Ká ní ó rí BAC gbà, concours wà níwájú, ní INMeS ní Kútọnu tàbí ní IFSIO ní Pàràkú. Ká ní ó tún yege, ọdún mẹ́ta gbáko ni yóò fi jókòó síléèwé. Láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu, ó lé ní 200 kílómítà. Kò lè máa lọ kó máa bọ̀. Lọ́jọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, owó oṣù dúró, wọ́n á sì gba ẹlòmíràn sípò rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ń jẹun, ilé ń gba owó. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó má lọ o. Ọ̀nà náà gan-an ló lé e padà.

Àwọn kan máa sọ pé bí ayé ṣe rí nìyẹn. Rárá o. Àwọn ibòmíràn ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 2023, aide-soignant tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lè gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́ta, kó sì wọ ọdún kejì iléèwé infirmier tààrà. Wọ́n ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀kọ́. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá jẹ́ LPN, ìyẹn nọ́ọ̀sì onípele kékeré, ní iléèwé tí wọ́n ṣe fún irú rẹ̀, tó máa ń dín àkókò kù kó tó di RN. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó ń kàwé ọ̀sán.

Ti ìlú òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì la fẹ́ kí ẹ fi ọgbọ́n gbọ́, torí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá wa láti ìhà Nàìjíríà. Òfin kan ní 1943 dá nọ́ọ̀sì oríṣi méjì sílẹ̀ níbẹ̀. SRN kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, SEN fún ọdún méjì. Lẹ́yìn ogun, nígbà tí ilé ìwòsàn wọn ń wá òṣìṣẹ́ kiri, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Áfíríkà àti ti erékùṣù Kàríbíà sí ìhà SEN, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀nà méjèèjì ò dọ́gba. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ga tàbí tí wọ́n fẹ́ padà sílé ni wọ́n tó mọ̀ pé ìwé náà kò gbé wọn dé ibi kankan. Ó di nǹkan bí ọdún 1990, nígbà tí wọ́n ń fòpin sí SEN, kí ọ̀nà tó là dáadáa fún wọn láti kàwé di nọ́ọ̀sì kíkún. Ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ! Ẹ má jẹ́ kí tiwa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní: “Ó ti dàgbà jù fún iléèwé.” Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Yorùbá, ti ṣe olùkọ́, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ kó tó wọ iléèwé nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Òun náà ló di màtírọ́nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn ní 1964.

Wọ́n tún ní: “Tó bá gba diplôme tán, Kútọnu ló máa sá lọ.” Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 2020, àjọ OMS sọ pé àìtó nọ́ọ̀sì láyé jẹ́ mílíọ̀nù 5.9, àti pé nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àìtó náà ló wà ní àwọn ìlú tí kò lówó bíi tiwa. Gbogbo ayé ló ń wá wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ta ló ṣeé ṣe kó dúró, ọ̀dọ́mọdé tí wọ́n rán wá láti Kútọnu tí kò gbọ́ èdè wa, àbí ìyá ọlọ́mọ tó ní ilé, oko àti ẹbí níbí? Ìwé àdéhùn á sì dáàbò bo ìyókù.

Ohun tí a ń béèrè rèé o.

Lọ́wọ́ mẹ́rì àti ìgbìmọ̀ commune: ní 1999, òfin 97-029 fi kíkọ́, pípèsè nǹkan fún àti títún ilé ìwòsàn arrondissement àti abúlé ṣe lé commune lọ́wọ́. Ilé tí kò sí ẹni tó mọṣẹ́ nínú rẹ̀, ògiri lásán ni. Ẹ fi owó bourse aide-soignante méjì sínú ìnáwó ọdọọdún. Kí ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí ìwé pé òun á padà wá ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún níbí, kí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà sì fọwọ́ sí i pé àyè rẹ̀ ń dúró dè é.

Lọ́wọ́ ìjọba: ẹ ya àyè díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú concours fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún ó kéré tán. Ẹ pín ẹ̀kọ́ náà sí ìsọ̀rí, kí wọ́n lọ síléèwé fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, kí hôpital de zone tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n á ti máa kọ́ṣẹ́. A ò ní kí ẹ dín ìdánwò kù. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní diplôme àánú. Aláìsàn kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣàánú.

Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Owó aṣọ ẹgbẹ́ tí à ń rà lọ́dọọdún tó láti ra ìwé BAC fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì pọ̀ láàrin wa. Kí ló dé tí a ò lè ṣe kíláàsì alẹ́ méjì lọ́sẹ̀? Àwa tí à ń kọ èyí máa bẹ̀rẹ̀, a máa kọ́ wọn ní Faransé.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ yín. Bí ìyàwó bá ń kàwé lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ bá a gbé ọmọ, ẹ bá a gbé iná kaná. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀.

Àgbà kan máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ kèrègbè. Ọmọbìnrin yẹn ti fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe tiwa fún ọdún 11. Pẹpẹ ló kù, ọwọ́ tiwa ló sì lè tó o. Ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, a máa gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ fún ìdìbò. Ẹ wá o, ẹ má rán ẹnikẹ́ni.