Ìlera Nínú Ìdílé: Bí Ẹsẹ̀ Kò Bá Gbé Ara Mọ́

Kíkà: 2 Sámúẹ́lì 4:4

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Mefibóṣẹ́tì nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ ń gbé e sá lọ, tí ó ṣubú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Bíbélì kò pe é ní èpè. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa ní Kabba níhìn-ín, bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá rọ, a ó ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀ ni. Kí a tó wádìí ẹni tó dà á sílẹ̀ tán, àkókò ìtọ́jú ti kọjá.

Okùn iṣan kan ti inú ọpọlọ sọ̀kalẹ̀ gba inú egungun ẹ̀yìn wa. Òun ló ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tó sì ń gbé ìròyìn ìrora àti ooru padà. Ibi tó bá ti bàjẹ́, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ìyà ń jẹ. Èyí yàtọ̀ sí rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà, tó sábà máa ń mú ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹnu á sì wọ́.

Ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Ẹsẹ̀ wúwo tàbí ó le gan-an. Bàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ láìmọ̀.

2. Ara kú tìpìrì láti ibì kan lọ sí ìsàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ikùn tàbí àyà.

3. Ẹsẹ̀ kan kò lágbára, èkejì kò sì mọ ooru iná.

4. Ìtọ̀ kò jáde, tàbí ó ń dà fúnra rẹ̀. Ìdí àti abẹ́ kú tìpìrì. Èyí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la!

5. Ẹ̀yìn ń dunni lóru, pẹ̀lú ibà, rírù, tàbí iké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó lè jẹ́ ikọ́ ife tó wọ egungun, bí ẹni náà kò tilẹ̀ wúkọ́. Oògùn rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ ni a ó fi lò ó.

Oúnjẹ náà ń kọ́? Ní 1968, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti UCH Ìbàdàn kọ nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kú tìpìrì, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ojú àti etí wọn sì ń kú. Ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ lójoojúmọ́, ó sì fura sí májèlé inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀wà tàbí ẹja tì í.

Bí akọpẹ bá já láti orí ọ̀pẹ, tàbí ọkọ̀ bá dànù, ẹ má ṣe há a sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà! Egungun tó ṣẹ́ lè gé okùn náà. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sórí pákó tàbí ilẹ̀kùn. Kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kí ó bá ara dọ́gba, kí àwọn yòókù gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹnikẹ́ni má fa ọrùn rẹ̀. Ilé-ìwòsàn ECWA wà ní Ẹ̀gbẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja. Bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ nílé, ẹ máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì kí ìdí rẹ̀ má baà di egbò, kí ẹ sì gbé iná àti omi gbígbóná jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ gbàdúrà o. Àìsáyà tó mú ìdáhùn àdúrà tọ Hesekáyà wá náà ló ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (Àìsáyà 38:21). Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ lánàá, ilé-ìwòsàn ló yẹ kí ó wà lónìí. Ibẹ̀ ni kí àwọn alàgbà ti wá gbàdúrà fún un. Bí ẹsẹ̀ náà kò bá sì padà, ẹ má ṣe sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Ìdí tábìlì ọba ni Dáfídì fi Mefibóṣẹ́tì sí, tòun ti ẹsẹ̀ rírọ.