Àtẹ́wọ́ Ò Tíì Dé Sábó

Irin pẹlẹbẹ ni teppan lédè Japan. Yaki ni yíyan. Ilé oúnjẹ Misono ní Kobe ni wọ́n gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ teppanyaki lọ́dún 1945. Nígbà tí a lọ jẹ ẹ́ ní Victoria Island, alásè ju ẹyin sókè, ó fi ṣíbí pẹlẹbẹ gbà á, a pàtẹ́wọ́ títí. Owó gọbọi la san, a ò dúnàádúrà.

Onísúyà Sábó ní Ṣàgámù ńkọ́? Ojú wa náà ló ti ń yí igi ẹran lórí ẹyín iná, tó ń rẹ́ àlùbọ́sà, tó ń bu yájì sí i. Òun la wá ń yọ lẹ́nu: “Àbókí, fi ènì sí i jàre!” Kò dáa.

Lálẹ́ tí a ti Èkó dé, ebi ṣì ń pa wá, la bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀. A san iye tó pè, a sì pàtẹ́wọ́. Ó wò wá bí ẹni ń wo wèrè.