ABẸ́RẸ́ KÌ Í ṢE MÍMÌ FÚN ADÌẸ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹni tó mọ̀wé kà á s'étí ẹni tí kò mọ̀wé. N kò wá sọ̀rọ̀ títì ọlọ́dà, n kò wá sọ̀rọ̀ iná mànàmáná l'ónìí. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni mo bá wá. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ gàba l'órí wa fẹ́ ká gbé e mì, ká sì tún dúpẹ́.

Àbúrò mi obìnrin ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. N kò ní í dárúkọ ibẹ̀, torí pé àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ náà ń jìyà, ẹjọ́ wọn kọ́ ni mo wá rò. L'ọ́jọ́ Ẹtì kan, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó gbé ọ̀rá tí wọ́n kó ìdọ̀tí sí, ó ń lọ dà á nù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti fi gún aláìsàn wà nínú ọ̀rá náà. Ó yọ síta, ó sì gún un ní àtàǹpàkò. Ọ̀rá búrẹ́dì ló fi bo ọwọ́, ìbọ̀wọ́ ti tán láti oṣù tó kọjá.

Nọ́ọ̀sì ní kó tètè fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ kò sí, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti da omi sí i l'ọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tún ní oògùn kan wà tó yẹ kó lò kíákíá kó má baà kó kòkòrò HIV, ṣùgbọ́n àwọn kò ní in. L'ọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ní oògùn wà, kọ́kọ́rọ́ ni kò sí. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà l'ọ́wọ́ rẹ̀ lọ òde ìyàwó. L'ọ́jọ́ Àìkú, a padà lọ, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. L'ọ́jọ́ Ajé, mo yá owó ọkọ̀, a gba ìlú mìíràn lọ. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ kó tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: wákàtí 66 ni. Wákàtí 72 sì ni òpin tí wọ́n fi sí oògùn yìí. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Wákàtí mẹ́fà péré ló kù kí ilẹ̀kùn tì mọ́ ọmọ ìyá mi s'íta, nítorí òde ìyàwó!

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń ṣe é ní ohun tí abẹ́rẹ́ kò tíì ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kó ẹní lọ sí pálọ̀. Àwọn ará ilé ti ya ife rẹ̀ s'ọ́tọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́. Alaalẹ́ ló ń wá bá mi, ìbéèrè kan náà ni: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ti kú nìyẹn?"

Mo lọ bi àwọn tó mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, kí ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Bí abẹ́rẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní HIV wà l'ára rẹ̀ bá gún 1,000 ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lo oògùn, nǹkan bí 3 ló máa kó o. Àwọn 997 yòókù á bọ́. A kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá aláìsàn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ yẹn gún ní kòkòrò náà. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ Nàìjíríà tó wà láàrin ọdún 15 sí 49, nǹkan bí 14 ló ní in. Oògùn sì tún wà. Ní 1997, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí abẹ́rẹ́ gún: oògùn kan ṣoṣo tó wà nígbà náà dín ewu rẹ̀ kù tó ìdá 81 nínú 100. Ti òde òní jẹ́ oríṣi mẹ́ta pa pọ̀. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò l'ọ́jọ́ kìíní, wọ́n á tún un yẹ̀ wò l'ọ́sẹ̀ kẹfà àti l'óṣù kẹta. Kí ìyẹn tó pé, kí tọkọtaya máa lo kọ́ńdọ̀mù. Ṣùgbọ́n ife kì í kó HIV ran ènìyàn. Àwo kì í kó o, ẹní kì í kó o, kí ọmọ sùn ti ìyá rẹ̀ kì í kó o. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dá ife obìnrin náà padà!

Èyí tó bí mi nínú jù lọ tún kù. Àrùn ẹ̀dọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní mẹ́dọ̀wú B. Òun náà ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, ó sì ń ran ènìyàn ju HIV lọ fíìfíì. Nínú 100 ẹni tí kò gba àjẹsára tí abẹ́rẹ́ ẹni tó ní in gún, ó lè mú 6, ó sì lè mú tó 30. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á. Láti ọdún tí àbúrò mi ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ n'ílẹ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹnikẹ́ni kò fún un ní ẹyọ kan.

Mo mọ èsì tí àwọn aláṣẹ máa fọ̀. Wọ́n á ní kò ṣọ́ra ni. Irọ́ ni! Inú àpótí líle ló yẹ kí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò wà, kì í ṣe inú ọ̀rá. Ta ni ojú rẹ̀ ń ríran wọnú ọ̀rá dúdú?

Wọ́n á ní kò sówó. Irọ́ kejì nìyẹn. Ilé ìwòsàn alábọ́dé wà l'ábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù sì dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. L'Ábújá ní 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 owó ìṣúná á máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n l'álejò kò tíì mú un ṣẹ. Owó ìbọ̀wọ́ kò sí, ṣùgbọ́n owó ankárá ìpolongo wà. Ṣé ẹ rí i?

Wọ́n á ní òyìnbó ló ń fún wa l'óògùn. Òótọ́ ni, ìtìjú wọn sì ni. Láti 2003 ni Amẹ́ríkà ti ń náwó sórí oògùn HIV ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní January 20, 2025, ààrẹ wọn buwọ́ lu ìwé pé kí ìrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró ná. Àyà gbogbo ènìyàn já. Ní February 2025, ìjọba àpapọ̀ sáré fọwọ́ sí ₦4.8 bílíọ̀nù fún oògùn HIV. Owó wà nígbà yẹn! Ilé tó ń wo ojú ọbẹ̀ aládùúgbò, l'ọ́jọ́ tí aládùúgbò bá bínú, gbẹrẹfu ni wọ́n á jẹ ẹ̀bà.

Wọ́n á ní àrùn alágbèrè ni. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ìlera rí, ló jáde sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ni. Kò bo ọmọ ìyá rẹ̀ mọ́ra kí ayé lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Òfin 2014 sì wà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ òṣìṣẹ́ n'íṣẹ́ nítorí HIV.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń béèrè kò le rárá. Ìkíní, àpótí líle fún abẹ́rẹ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gún abẹ́rẹ́. Ìkejì, ìbọ̀wọ́ fún ẹni tó ń gbálẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti dókítà. Ìkẹta, àjẹsára mẹ́dọ̀wú B fún gbogbo òṣìṣẹ́, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń da ìdọ̀tí nù. Ìkẹrin, oògùn ìdènà HIV ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, tọ̀sán-tòru, kí kọ́kọ́rọ́ wà l'ọ́wọ́ ẹni tó bá wà l'ẹ́nu iṣẹ́ l'álẹ́ ọjọ́ náà. Ìkarùn-ún, kí òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, tí wọ́n ṣe ní 2010, má ṣe jẹ́ ti ọ̀gá nìkan. Bí ẹgbẹ́ wa bá wọlé tí a kò ṣe é, ẹ fi ìbò lé àwa náà jáde.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ ṣọ́ra yín. Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fún ojú rẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má da jíìkì sí i. Ẹ sá lọ sí ilé ìwòsàn l'ọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà n'ílé, ẹ kó o sínú agolo tó ní ìdérí, ẹ má jù ú s'ákìtàn tí àwọn ọmọdé ń ṣeré.

L'ọ́jọ́ tí mò ń kọ ìwé yìí, oògùn àbúrò mi ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ṣì ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rá búrẹ́dì ṣì ni.

Ọjọ́ ìdìbò ń bọ̀. Wọ́n á wá kí yín, wọ́n á jó, wọ́n á pín iyọ̀. Ẹ má bá wọn jà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi wọ́n, kí gbogbo àdúgbò sì jọ bi wọ́n: KỌ́KỌ́RỌ́ DÀ?