Ìdọ̀tí inú ọgbà ìjọba l'Ékòó: ẹ̀bi ọmọlanke nìkan kọ́

Ẹni tó bá ń jáde ní ìdájí l'Ékòó mọ ohun tí ojú máa ń rí ní Agége Motor Road. Ibi táwọn agbálẹ̀ fi sílẹ̀ ní mímọ́ lánàá, òkìtì ìdọ̀tí ti gorí ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike ẹlẹ́rìndòdò, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, páńpásì ọmọdé. Àárín títì tí wọ́n gbin koríko àti òdòdó sí gan-an ló máa ń fara gbá a jù. Kò sẹ́ni tó ń dà á síbẹ̀ lójú mọmọ. Òru ni.

Ọmọlanke ni gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ nàka sí, wọn ò sì parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọmọlanke ò ní ìdọ̀tí tiẹ̀. Ẹnì kan ló gbé e fún un.

Àwọn ọgbà yìí ò ṣàdédé wà o. Nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, láàárín 2007 sí 2015, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbin koríko sí abẹ́ afárá àti àárín títì káàkiri, àwọn ibi tó jẹ́ pé mẹkáníìkì, ọmọ ìta àti ààtàn ló ni ín tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2011 ni òfin dá LASPARK sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ nípìnlẹ̀ Èkó. Owó ìlú ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn títí dòní.

Kí ló wá dé tí onílé kan ní Mushin á fi ìdọ̀tí ilé ẹ̀ lé ọmọlanke lọ́wọ́, nígbà tí PSP wà? Èsì ò jìnnà. Ọkọ̀ PSP tó yẹ kó máa wá lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ lè má yọjú fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Àdúgbò míì sì wà tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ̀ rárá, nítorí ilé ti sún mọ́ra jù tàbí gọ́tà ti la ọ̀nà já. Ẹ wo ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, tó jẹ́ dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń lò. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ìdin ti ń rìn lórí ẹ̀. Ọmọlanke ní tiẹ̀ ń kọjá láràárọ̀, owó péréte ló ń gbà, ojú ẹsẹ̀ ló sì ń palẹ̀ mọ́. Bíìlì PSP kì í pẹ́ dé ní tiẹ̀, yálà wọ́n kó ìdọ̀tí tàbí wọn ò kó o.

Àwọn PSP náà ní ẹjọ́ tiwọn. LAWMA sọ pé ìdọ̀tí tó ń jáde l'Ékòó lójúmọ́ tó 13,000 tọ́ọ̀nù. Ní ààtàn Olúṣòsun l'Ójòtá, ọkọ̀ á tò lọ bẹẹrẹ kí wọ́n tó já ẹrù, dísù á sì máa jó. Ọ̀pọ̀ ilé ni kì í sanwó. Lórí gbogbo ẹ̀, lọ́dún 2017, ìjọba Akínwùnmí Ambode gbé Cleaner Lagos Initiative dé, wọ́n gba iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí ilé lọ́wọ́ PSP, wọ́n gbé e fún Visionscape. Òkìtì kún ìgboro. Lábẹ́ Babájídé Sanwó-Olú, tó gba ìjọba ní 2019, PSP ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìmọ́tótó Sátidé tó máa ń gbẹ̀yìn oṣù ti dáwọ́ dúró ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ sọ pé ìjọba ò lẹ́tọ̀ọ́ láti sé aráàlú mọ́lé nítorí ilẹ̀ gbígbá. (Àwọn àgbà kan ṣì ń dárò ìgbà wòlé-wòlé. Inú àmù àti ẹ̀yìnkùlé ni wòlé-wòlé máa ń yẹ̀ wò, kì í ṣe àárín títì.) Nínú gbogbo ìyípadà yìí, ọmọlanke nìkan ni ò yí padà.

Ohun tí ìjọba ń ṣe jù báyìí ni mímú wọn. LAWMA àtàwọn táráàlú ṣì ń pè ní KAI á gba kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á gbé e lọ sílé ẹjọ́ alágbèéká. Lọ́la, ẹlòmíì á ti háyà ọmọlanke míì. Ìdọ̀tí ò fi abọ́ kan dín. Ìgbà tí wọ́n ti ọjà Ládípọ̀ pa ní 2023 lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ẹni tó ń dá ìdọ̀tí gan-an ni ìyà kàn. Ṣùgbọ́n ọjà ní géètì àti ìyálọ́jà tí wọ́n lè pè. Ta ni wọ́n fẹ́ pè ní àdúgbò tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ń gbé?

Ẹ jẹ́ ká wo ìgò. Ẹni tó bá ṣe òde rí mọ̀ pé tí àríyá bá tán, ẹnì kan á dúró ti kíréètì, á máa ka òfìfo ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó bá dín, owó ló máa gbà. Ìyẹn ni ìgò onídígí ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ọgbà. Ẹlẹ́rìndòdò kan náà tó bá wà nínú ike, ó kún gọ́tà. Àwọn èèyàn wa tó wà ní London náà mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ pé èèyàn á ti owó pọ́n-ùn kan bọ kẹ̀kẹ́ ìrajà kó tó lè fà á, bó bá sì fẹ́ owó ẹ̀, á dá a padà. Jámánì ti ń gba sẹ́ǹtì 25 lórí ìgò ike àti agolo láti 2003. Kò sẹ́ni tó wàásù fún wọn.

L'Ékòó, òfin ló ṣáájú. Oṣù Kìíní 2024 ni kọmíṣánnà fún àyíká, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé kò gbọ́dọ̀ sí abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ táwọn olóúnjẹ fi ń di ìrẹsì mọ́. Ọjọ́ Kìíní oṣù Keje 2025 ló kan ife ike, sítírọ̀, ṣíbí ike àti ọ̀rá tó tín-ín-rín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ìgò ike omi, àwọn méjì tó pọ̀ jù lórí koríko, ò sí nínú ẹ̀. Ó sì yéni: omi táwọn tálákà ń mu ni píọ̀ wọ́tà, ìjọba tó bá fòfin dè é á ní láti pèsè omi ẹ̀rọ. Ike omi ṣì ní olùrà, àwọn tó ń ṣa á ń tà á ní kílò. Ọ̀rá yẹn ni owó ẹ̀ ò tó nǹkan, ìyẹn ló fi ń dúró sílẹ̀. Tí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe é bá ń ra òfìfo ẹ̀ padà, kódà ní náírà díẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ṣa ike á ṣa òun náà.

Ní ti ọmọlanke, ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ gbìyànjú ohun míì yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n: kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan níbi tí ọmọlanke á ti já ẹrù fún ọkọ̀ PSP, káwọn PSP sì máa fún wọn ní nǹkan lórí ẹ̀. Wọ́n ti ń wọ ibi tí ọkọ̀ ńlá ò lè wọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù ni agbálẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. LAWMA ti ké gbàjarè lọ́pọ̀ ìgbà lórí àwọn tí mọ́tò pa lẹ́nu iṣẹ́. Òkìtì tí ọmọlanke dà sáàárín títì lóru, òun ló máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó o láàárọ̀, tí á kẹ̀yìn sí dánfó tó ń sáré bọ̀.