Àga Tí Ó Ṣe É Tún Ṣe

Ní èṣí, mo ra àga ìkàwé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ń dán, ó sì fúyẹ́. Kò pé oṣù mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan fi yẹ̀. Mo gbé e tọ gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò wa lọ. Bàbá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ nìyí. Ibo ni kí n kan ìṣó mọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ló rán mi létí Demas Nwoko. Ọdún 1935 ni wọ́n bí i ní Idumuje-Ugboko, ní ìpínlẹ̀ Delta, ṣùgbọ́n Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa, ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Zaria, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Paris. Nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, òun ló ṣe ọnà orí ìtàgé fún eré Ọ̀mùtí ti Kọ́lá Ògúnmọ́lá.

Iṣẹ́ Nwoko kì í parí sórí ìwé. Ó ń ya àwòrán ilé, ó ń kọ́ ilé náà, ó sì ń ṣe àga tí wọn yóò jókòó lé nínú rẹ̀. Ó po yẹ̀pẹ̀ pupa ilẹ̀ wa mọ́ sìmẹ́ǹtì láti fi mọ búlọ́ọ̀kù, ó sì la ojú ọ̀nà fún atẹ́gùn kí ooru má baà pa onílé. Ilé ìjọsìn àwọn Dominican tí ó kọ́ ní Ìbàdàn wà níbẹ̀ di òní. Ní 2023, wọ́n fi Kìnnìún Wúrà dá a lọ́lá ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ohun tí Nwoko fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jogún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀? Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá, tábìlì iṣẹ́ mẹ́rin ló wà. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù. Àwọn yòókù ti lọ gun ọ̀kadà.

Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe àga mìíràn. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, mo sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n dá ihò sí igi kan, wọ́n ki ẹnu èkejì bọ̀ ọ́, ó sì dè pinpin. Ọmọ iṣẹ́ náà ló fi sánpépà ha á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba ilé tuntun, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó náwó sórí ohun tó ń dán, ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò yín. Bí a kò bá gbé iṣẹ́ fún wọn, wọn kò ní rí ọmọ tí wọn yóò kọ́.